Ìtàn Omi Abẹ́ Ilẹ̀ Èédú ní Easington, Ìlú Ọba

Ìtàn oyè, ìtàn ogun àti ìtàn àwọn baba wa ni a sábà máa ń kà nínú ìwé wa yìí. Ní ọdún yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n mú yín rìn jìnnà díẹ̀, lọ sí etí òkun àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Durham. Ìdí tí mo fi yan ibẹ̀ ni pé wọ́n ti wa ilẹ̀ níbẹ̀ tipẹ́, wọ́n ti kó ohun tí wọ́n ń wá lọ, wọ́n ti dí ihò náà, wọ́n sì ti gbin koríko lé e lórí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí omi lẹ́yìn èyí ni mo fẹ́ sọ. Ní ilẹ̀ tiwa náà, àwọn tí ń wá òkúta àti wúrà ń bá àwọn baálẹ̀ sọ̀rọ̀ ní oríṣiríṣi ibi, ìlérí tí a sì sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé àwọn yóò dí ihò, àwọn yóò sì gbin igi.

Èédú tí mo ń sọ kì í ṣe èédú igi tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń fín níná. Èyí tí a ń wà láti inú ilẹ̀ bí òkúta ni, irú ti Enúgu.

Ẹni tí ó bá dé Easington Colliery lónìí, bí kò bá rí ẹni tí yóò pìtàn fún un, ó lè má tètè mọ bí ibẹ̀ ti rí tẹ́lẹ̀. Ibi tí àwọn ilé ẹ̀rọ gíga dúró sí ti di pápá koríko tí òdòdó ń hù lórí rẹ̀, tí àwọn ará ìlú sì ń rìn gba inú rẹ̀ lọ wo òkun. Àgò irin kan, irú èyí tí ó máa ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò, ni wọ́n gbé dúró síbẹ̀ fún ìrántí. Lábẹ́ koríko yìí, òkúta ẹfun ni ó wà lókè, ìbátan irú èyí tí a ń fọ́ ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Ó kún fún ihò àti ojú sísán, omi òjò a sì máa wọ inú rẹ̀ lọ, a máa dúró síbẹ̀ bí omi inú àmù. Nísàlẹ̀ òkúta ẹfun ni ìpele iyanrìn kan wà, nísàlẹ̀ iyanrìn ni àwọn òkúta tí èédú wà láàárín wọn. Ẹ fi ètò yìí sọ́kàn: omi mímu lókè, èédú nísàlẹ̀.

Omi náà ti gbà wọ́n là rí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1831 ni àrùn onígbáméjì kọ́kọ́ gbilẹ̀ ní Ìlú Ọba, ìlú Sunderland tí ó wà ní àríwá Easington ni ó sì gbà wọlé. Ó ju 200 ènìyàn lọ tí ó kú níbẹ̀. Omi ìdọ̀tí ni ó ń gbé àrùn náà kiri, ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn ìgbà náà kò tíì mọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ omi mímọ́ wá yé àwọn aláṣẹ dáadáa, inú òkúta ẹfun ni wọ́n yíjú sí. Ní ọdún 1868 wọ́n kọ́ ilé ẹ̀rọ ìfami kan sí Ryhope, Thomas Hawksley ni ó ya àwòrán rẹ̀, ẹ̀rọ ńlá méjì tí agbára omi híhó ń yí ni ó sì ń fa omi sókè níbẹ̀ títí di ọdún 1967. Mo ti rò ó títí, ó sì ń yà mí lẹ́nu: èédú ni wọ́n ń kó sábẹ́ ẹ̀rọ náà. Èédú ni ó ń fa omi náà fún aráyé mu, èédú kan náà ni yóò sì wá fẹ́ bà á jẹ́.

Kí ó tó di ọdún 1820, ọ̀pọ̀ ni ó gbàgbọ́ pé kò lè sí èédú gidi lábẹ́ òkúta ẹfun. Àwọn tí ó ni iṣẹ́ Hetton kò gbà, wọ́n gbẹ́ òkúta náà já, wọ́n sì bá èédú. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1822, èédú Hetton gba ojú irin tí George Stephenson là lọ sí èbúté Sunderland, láti ọjọ́ náà ni ojú àwọn olówó ti wà lára ilẹ̀ etí òkun náà.

Ṣùgbọ́n omi kò jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀nà gbà bọ̀rọ̀. Ní Murton, iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1838 kò kan èédú títí di 1843. Iyanrìn àti omi ń ya lù wọ́n, àwọn ẹ̀rọ wọn sì ń da omi tí ó tó nǹkan bí 10,000 gálọ́ọ̀nù síta ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ti dúró ti àwọn agbẹ́kànga wa rí mọ ohun tí mò ń wí: bí orísun bá ṣí lójijì, kíákíá ni wọ́n ń ké sí ẹni tí ó wà lókè pé kí ó fa okùn. Ní Easington, ọdún 1899 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ilẹ̀, omi sì lé wọn sẹ́yìn. Ọgbọ́n tí wọ́n wá dá ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Wọ́n lu àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ yí ibi tí ihò ńlá yóò wà ká, wọ́n ki páìpù bọ̀ wọ́n, wọ́n sì ń da omi iyọ̀ tí ó tutù ju yìnyín lọ gba inú wọn kọjá, títí gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ fi dì gbagidi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbẹ́ àárín yìnyín náà bí ẹni gbẹ́ òkúta. Ọdún 1910 ni wọ́n tó fojú kan èédú. Mo sọ èyí ní kíkún nítorí pé ó fi hàn gbangba pé àwọn tí ó gbẹ́ ilẹ̀ náà mọ irú omi tí ó wà lókè orí wọn. Kò sí ẹni tí ó lè wí lẹ́yìn náà pé òun kò mọ̀.

Láti ìgbà náà, fífa omi di iṣẹ́ ojoojúmọ́. Àwọn ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ náà lọ sábẹ́ òkun fún máìlì púpọ̀, ihò ìlú kan a sì máa já sí ti èkejì. Ìjọba gba gbogbo iṣẹ́ èédú sọ́wọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1947, inú àwọn awakùsà sì dùn lọ́pọ̀lọpọ̀. Ayọ̀ náà kò tíì tutù tán nígbà tí ibi dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1951, eyín ẹ̀rọ tí ń gé èédú ní Easington gbá òkúta kan tí ó ń dán bí wúrà, ó ta iná, afẹ́fẹ́ búburú tí ó ti kóra jọ níbẹ̀ sì gbiná. Ènìyàn 83 ni ó kú: awakùsà 81, àti méjì nínú àwọn tí ó wọlé lọ láti gbà wọ́n. Òkúta tí ń dán náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní pyrite. Irin àti imí-ọjọ́ ni ó para pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe gbàgbé rẹ̀, nítorí a ó tún pàdé rẹ̀.

Ìyanṣẹ́lódì ńlá ti ọdún 1984 sí 1985 kò dá ìparí dúró. Horden kógbá sílé ní 1987, Dawdon àti Murton ní 1991, Easington fúnra rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1993. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ baba àti ọmọ nínú ilé kan náà. Nígbà tí kò sí èédú tí a ó tún wà mọ́, ta ni yóò máa sanwó ẹ̀rọ ìfami? Wọ́n pa ẹ̀rọ náà. Ní ọdún 1993 yìí kan náà ni Paul Younger, onímọ̀ nípa omi abẹ́ ilẹ̀ ní Yunifásítì Newcastle, kọ̀wé nípa ìpalára tí pípa ibi ìwakùsà lè mú bá omi Durham. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti oúnjẹ ni ó gba ọkàn gbogbo ìlú nígbà náà, kò sì sí ẹni tí ó lè bá wọn wí fún un.

Àtúnṣe orí ilẹ̀ ni ojú kọ́kọ́ rí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń da ìdàrọ́ èédú sí etíkun, títí iyanrìn ibẹ̀ fi dúdú bí àgbàlá alágbẹ̀dẹ. Láti 1997 títí di 2002, wọ́n ná nǹkan bí mílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn, wọ́n kó ìdàrọ́ tí ó ju mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ kúrò, wọ́n tẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì gbin koríko. Ẹ̀wà etíkun náà gba ẹ̀bùn fún wọn ní ọdún 2010. N kò bu iṣẹ́ yìí kù rárá. Iṣẹ́ gidi ni, àwọn ọmọ tí ń ṣeré níbẹ̀ lónìí kò mọ eruku tí àwọn bàbá wọn fà símú. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn gan-an tí wọ́n ń fọ́n irúgbìn koríko lókè, omi ń gùn bọ̀ nísàlẹ̀, nínú òkùnkùn, láìpariwo.

Èyí ni ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí pyrite bá wà nínú òkúta tí afẹ́fẹ́ kò dé, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Àwọn awakùsà ni ó ṣí ilẹ̀ fún afẹ́fẹ́, ẹ̀rọ ìfami ni ó sì mú kí àwọn ihò náà gbẹ fún ọgọ́rin ọdún. Ní gbogbo ìgbà náà ni òkúta náà ń jẹrà díẹ̀díẹ̀, tí iyọ̀ oníirin àti oní-imí-ọjọ́ ń hù lára ògiri ihò bí ewú. Nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́, omi padà wá, ó fọ gbogbo iyọ̀ náà sára rẹ̀. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ. Omi tí ó kọ́kọ́ kún irú ihò bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń burú jù: ó kún fún irin tí a kò lè fojú rí nígbà tí ó ṣì wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kan afẹ́fẹ́, a di ìpáàrà pupa, a sì bo gbogbo ibi tí ó bá ṣàn gbà mọ́lẹ̀. Wọ́n ti rí irú rẹ̀ ní Cornwall ní oṣù kìíní ọdún 1992, nígbà tí omi já jáde láti ibi ìwakùsà tánganran kan tí wọ́n ń pè ní Wheal Jane, tí odò ibẹ̀ sì pọ́n títí dé òkun.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ohun tí ojú kò rí? Ọ̀nà náà kò le tó bí ènìyàn ti lè rò. Wọ́n gbẹ́ àwọn kànga tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í ṣe fún mímu bí kò ṣe fún wíwò, wọ́n sì ń lo díẹ̀ nínú àwọn ihò àtijọ́ náà. Wọ́n a sọ okùn tí a kọ nọ́mbà sí sísàlẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá kan omi, ẹ̀rọ kékeré orí okùn náà a dún. Gíga méjì ni wọ́n ń fi wéra: ti omi inú ihò èédú àti ti omi inú òkúta ẹfun. Níwọ̀n ìgbà tí ti òkè bá ga ju ti ìsàlẹ̀ lọ, omi mímu ni yóò máa jò lọ sísàlẹ̀, kànga kò tíì wà nínú ewu. Ọjọ́ tí ti ìsàlẹ̀ bá borí, omi búburú a bẹ̀rẹ̀ sí gun òkè wọ inú òkúta ẹfun. Ẹni tí ó bá ń kọ gíga méjèèjì sílẹ̀ lóṣooṣù lè fa ìlà méjì sórí ìwé, kí ó sì fojú díwọ̀n ọdún tí wọn yóò pàdé.

Lẹ́yìn gíga ni adùn omi. Níhìn-ín ni ènìyàn lè ṣìnà. Òkúta ẹfun a máa pa kíkan omi, nítorí náà ẹni tí ó bá tọ́ omi kànga wò lè rò pé gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ohun tí imí-ọjọ́ fi sílẹ̀ nínú omi, tí wọ́n ń pè ní sulphate, kì í tètè lọ. Ipasẹ̀ rẹ̀ ni àwọn olùwádìí ń tọ̀ bí ọdẹ ti ń tọ ipasẹ̀ ẹran. Iyọ̀ náà a máa dá iyèméjì sílẹ̀, nítorí pé etí òkun ni ibẹ̀: ó lè ti òkun wá, ó sì lè ti inú ihò jíjìn wá. Bí ìwé àtijọ́ bá wà tí ó sọ bí omi kànga kan ti rí kí ìyọnu tó dé, ìdájọ́ kì í pẹ́. Bí kò bá sí, agbẹjọ́rò ni yóò jẹ èrè rẹ̀.

Àwọn tí ń ṣọ́ omi Durham rí i pé ìlà méjèèjì ń súnmọ́ ara wọn. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí òfin ọdún 1994 dá sílẹ̀ fún ọ̀ràn èédú, tí wọ́n ń pè ní Coal Authority títí di 2024 tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Mining Remediation Authority, ni ó gbé ẹ̀rọ ìfami padà. Ní 2004 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Horden. Ní 2009 wọ́n ṣí èkejì ní Dawdon, níbi tí wọ́n ti ń fa omi ihò náà sókè, tí wọ́n ń da ẹfun sí i kí irin inú rẹ̀ lè rọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n tó dà á sínú òkun. Omi náà dúró, kò gun òkè mọ́, òkúta ẹfun sì bọ́. Ta ni ó ń sanwó? Òfin tí wọ́n ṣe ní 1995 fi dandan lé e pé ẹni tí ó bá fẹ́ pa ibi ìwakùsà tì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi oṣù mẹ́fà kéde rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti pa tiwọn tì kí ọdún 1999 tó parí bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi omi tí ń ṣàn jáde. Nítorí náà, ará ìlú tí ń san owó orí ni ó ń san án. Èrè kan ti bá a wá: omi tí wọ́n ń fà ní Dawdon máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ètò sì ti wà láti fi ooru rẹ̀ mú ilé tí ó tó 1,500 móoru ní Seaham. Kò sí ọjọ́ tí wọ́n dá pé ẹ̀rọ náà yóò dákẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni èyí. Èédú Enúgu ni ó wa ọkọ̀ ojú irin wa, òun ni wọ́n sì fi tan iná mànàmáná Ìjọra ní Èkó. Ọdún 1909 ni àwọn tí Albert Kitson ṣáájú rí èédú náà ní ẹ̀bá Údi, ọdún 1915 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ gbàgbé àwọn òṣìṣẹ́ 21 tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Iva Valley ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ ti rí kò jìnnà sí ti Durham: òkúta oníyanrìn tí ó gba omi sára wà lókè, èédú wà nísàlẹ̀. Ìyàtọ̀ kan ni pé ẹ̀gbẹ́ òkè ni wọ́n gbà gbẹ́ ihò Enúgu wọlé, nítorí náà omi lè fúnra rẹ̀ ṣàn jáde láìsí ẹ̀rọ. Àwọn onímọ̀ ti wọn omi tí ń ti inú àwọn ihò tí a pa tì náà jáde lọ sínú àwọn odò ìlú, wọ́n sì bá kíkan àti irin nínú rẹ̀. Nínú ìlú kan náà, àwọn ènìyàn ń ra omi lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ táńkà.

Ilẹ̀ wa kò ní òkúta ẹfun tí ó nípọn bí ti Durham. Orí òkúta líle ni ọ̀pọ̀ ìlú wa tẹ̀dó sí. Omi díẹ̀ tí ó wà nínú erùpẹ̀ àti nínú ojú sísán òkúta ni kànga wa ń mu. Ohun kékeré ni ó lè bà á jẹ́. Pyrite kì í sì bá èédú nìkan gbé, a máa wà pẹ̀lú wúrà pẹ̀lú. Ní ọdún 2022, ọ̀pọ̀ nínú yín rí àwòrán odò Ọ̀ṣun bí àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà, àwọn ènìyàn sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru àwọn tí ń wa wúrà. Odò ni ìyẹn, ojú gbogbo ayé rí i. Kànga kì í pọ́n lójú ọ̀nà.

Nítorí náà, mo fi ọ̀rọ̀ kan síwájú ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú wa. Kí ẹnikẹ́ni tó mú ìwé wá bẹ̀ wá fún ilẹ̀ láti wà, kí a ti ní ìwé tiwa. Kí àwọn olùkọ́ àti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga wa máa fi okùn tí a so òkúta mọ́ wọn jíjìn omi nínú kànga méjì tàbí mẹ́ta ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú jù, lẹ́ẹ̀kan nígbà tí òjò bá fẹ́ dá. Kí wọ́n kọ ọjọ́, orúkọ àdúgbò àti iye ẹsẹ̀ bàtà sínú ìwé ńlá kan tí yóò wà ní ààfin. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi lè bá wa san owó kí a gbé ìgò omi láti inú kànga kọ̀ọ̀kan lọ fún àwọn tí ó mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò, kí wọ́n sọ iye irin, iyọ̀ àti sulphate inú rẹ̀ fún wa. Bí ìgbìmọ̀ bá fọwọ́ sí i, a lè wọn ti àkọ́kọ́ ní oṣù kejì ọdún tí ń bọ̀, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.